Bí A Ṣe Ń Dán Pátákó Orí Òjò Dídì Wò

Ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà ní ìhà àríwá ayé, nígbà tí ọdún bá ń lọ sí òpin, òtútù a máa mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú àwọsánmà fi ń dì kí ó tó balẹ̀. Ohun tí ó ń bọ́ sílẹ̀ nígbà náà kì í ṣe yìnyín tí àwọn ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá máa ń ṣà jẹ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bá ìjì dé. Yìnyín le bí òkúta, ariwo ni ó sì ń pa lórí òrùlé páànù. Òjò dídì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ó ń balẹ̀, ènìyàn sì lè sùn kí ó má mọ̀ pé ó rọ̀ rárá, àfi ìgbà tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ tí ó rí i pé gbogbo àgbàlá ti funfun báláú. Lórí àwọn òkè ńlá, èyí tí ó bá rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan lè bo àgbàlagbà mọ́lẹ̀ lóòró.

Ní orí irú àwọn òkè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń fi igi yọ̀ láti ìgbà láéláé. Àwọn kan a di igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí ni à ń pè ní síkì. Àwọn mìíràn a di ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ pátákó kan ṣoṣo, wọn a fi ẹ̀gbẹ́ síwájú bí ọkùnrin tí ó dúró nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí ó sì kọ ojú sí bèbè odò, wọn a sì máa sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Pátákó yìí, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní sínóòbọ́ọ̀dù, ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ níhìn-ín.

Ọmọ àná ni pátákó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkì. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1965, ní ìlú Muskegon ní ìpínlẹ̀ Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sherman Poppen so síkì méjì pọ̀ kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lè rí ohun fi ṣeré. Ìyàwó rẹ̀ ni ó sọ ohun ìṣeré náà ní Snurfer. Okùn kan wà ní imú rẹ̀ tí ẹni tí ó dúró lórí rẹ̀ ń dì mú bí ìjánu ẹṣin. Ní ọdún 1977, Jake Burton Carpenter dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Vermont láti máa ṣe pátákó tí ó ní ìdè, kí ẹsẹ̀ má baà yọ kúrò lórí rẹ̀. Tom Sims náà kò sì sinmi ní California. Àwọn tí ó ni òkè kò kọ́kọ́ fẹ́ rí àwọn olùgun pátákó sójú. Stratton ní Vermont wà lára àwọn òkè ńlá tí ó kọ́kọ́ gbà wọ́n láyè, ní ọdún 1983. Ọdún 1998 ni pátákó wọ inú eré Òlíḿpíìkì ní Nagano ní ilẹ̀ Japan, Ross Rebagliati ọmọ ilẹ̀ Kánádà sì ni ó kọ́kọ́ gba wúrà nínú rẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, àwọn òkè mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, èyíinì ni Alta àti Deer Valley ní ìpínlẹ̀ Utah, àti Mad River Glen ní Vermont, kì í jẹ́ kí olùgun pátákó gun òkè wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá pàápàá kì í ṣe àlejò nínú eré òtútù mọ́: ní ọdún 2018, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Òlíḿpíìkì ti ìgbà òtútù ní PyeongChang ní ilẹ̀ Korea, Ṣeun Adigun àti Simidele Adeagbo wà nínú àwọn tí ó ṣojú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ àfiyọ̀ orí omi dídì ni wọ́n gùn, kì í ṣe pátákó.

Bí àwọn olùgun ti ń pọ̀ sí i ni irú pátákó náà ń pọ̀ sí i. Èyí tí a ṣe fún òjò dídì jíjìn ní imú gbàgbàrà. Èyí tí a ṣe fún fífò àti àrà dídá rọ̀, ó sì kúrú díẹ̀. Èyí tí a fi ń sá eré ìje tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì yigi. Ẹni tí ó bá lówó lè ra gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ra ju ẹyọ kan lọ, àwọn bẹ́ẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù, yóò máa wá èyí tí ó lè bá a dé ibi gbogbo: ojú ọ̀nà tí a tẹ́, inú igbó, ibi tí ó jìn, ibi tí ó le. Nítorí irú ẹni báyìí ni àwọn oníṣẹ́ ṣe gbé èyí tí a lè pè ní pátákó gbogbo-òkè jáde.

Orúkọ náà tóbi. Àwọn àgbà sì máa ń sọ pé ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Ẹni tí ó lé eku mẹ́rin ńkọ́? Ẹnu dùn ún ròfọ́. Kò sí olùtajà kan tí kì í sọ pé pátákó tirẹ̀ tọ́ sí gbogbo ojú ilẹ̀ àti gbogbo olùgun. Bí pátákó bá sì jẹ́ 400 sí 700 dọ́là, láìka ìdè àti bàtà, ẹni tí ó bá ṣi rírà rà kò ní tètè rí owó òmíràn. Ìdí nìyí tí àwọn ògbóǹtarìgì fi ń dán irú pátákó bẹ́ẹ̀ wò lórí òkè kí wọn tó sọ ohun tí ó jẹ́, tí àwọn ènìyàn sì ń fi ara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n bá kọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn tí a ń dán an wò fún. Ní àríwá Amẹ́ríkà, àmì ni a fi ń sọ bí ọ̀nà orí òkè ṣe le tó: àmì róbótó aláwọ̀ ewé ni ti akọ́bẹ̀rẹ̀, àmì onígun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù ni ti àwọn tí ó wà láàárín, dáyámọ́ńdì dúdú sì ni ti àwọn ọ̀jáfáfá. Ẹni àárín ti lè yí sọ́tùn-ún yí sósì láìṣubú, ó sì lè sọ ọ̀nà búlúù kalẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, tàbí tí ó bá dì, ẹ̀rù a bà á, a fi pátákó dábùú òkè, a sì máa wọ́ ọ lọ sílẹ̀ bí ẹni ń fi ọkọ́ ha ilẹ̀. Ọ̀jáfáfá kì í wọ́ pátákó. Etí rẹ̀ ni ó fi ń gé òkè, ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi ara tẹ imú àti ìgbà tí ó yẹ kí ó fi ara tẹ ìrù, eré sísá kò sì bà á lẹ́rù. Àwọn méjèèjì lè dúró sí ẹnu ilé ìtajà kan náà kí wọ́n máa wo pátákó kan náà. Akọ́bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Pátákó yá-mi-lò ni ó tọ́ sí i títí yóò fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

Ìdánwò kì í bẹ̀rẹ̀ lórí òkè. Inú ilé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ojú àti ọwọ́ ni a sì fi ń ṣe é. Igi ni ó wà ní àárín pátákó, igi pópílà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí a là sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a sì lẹ̀ pọ̀ láti imú dé ìrù. Bí ewé ti ń yí mọ́ínmọ́ín ká ni aṣọ tí a fi fọ́nrán gíláàsì hun yí igi náà ká lókè àti nísàlẹ̀, oje líle ni a sì fi lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Bí fọ́nrán aṣọ náà bá gba ọ̀nà méjì, pátákó a máa rọ̀ láti lọ́. Bí ó bá gba ọ̀nà mẹ́ta, a máa le. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká, ike sì ni abẹ́ rẹ̀. Ike náà pín sí oríṣi méjì. Èkíní ni èyí tí a yọ́ tí a sì tì gba ojú ihò jáde. Kò wọ́n, ó rọrùn láti tún ṣe bí òkúta bá ha á, ṣùgbọ́n kò yára púpọ̀. Èkejì ni èyí tí a fi ooru àti agbára tẹ ìyẹ̀fun rẹ̀ pọ̀ títí ó fi di ọ̀kan. Èyí ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, inú ihò wọ̀nyí ni ìda sì ń wọ̀, nítorí náà ó ń yọ̀ ju èkíní lọ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó ni ín bá ń fi ìda ra á. Ẹni tí kò ní fi ìda ra á kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti san owó èkejì.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni bí pátákó ti tẹ̀. A ó gbé e lé orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, a ó sì fi ojú wo abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà mìíràn a ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ àárín rẹ̀ kọjá: àárín gbé ara sókè, imú àti ìrù ni ó fi kan ilẹ̀, bí ọrun tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí olùgun bá dúró lé e, ìwọ̀n ara rẹ̀ a tẹ àárín náà wálẹ̀, agbára náà a sì pín lọ sí ìhà imú àti ìhà ìrù, tó bẹ́ẹ̀ tí etí irin fi ń di ilẹ̀ mú ní gbogbo gígùn rẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ fò, ọrun náà a ta á sókè. Àìdára rẹ̀ ni pé kì í dárí ji ẹni tí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àárín ni yóò kan ilẹ̀ tí imú àti ìrù yóò sì gbé ara sókè, bí ìdí igbá. Èyí rọrùn láti yí, kì í tètè kọ́ ilẹ̀, ó sì ń léfòó lórí òjò dídì tuntun. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tí ó dì, a máa yí gbirigbiri lábẹ́ ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbá náà ti ń ṣe. Ọ̀pọ̀ pátákó gbogbo-òkè ti òde òní ni a da méjèèjì pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú àwọn kan, ọrun ni ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ìdí igbá sì wà láàárín wọn. Nínú àwọn mìíràn, ọrun ni ó wà láàárín tí imú àti ìrù nìkan gbé ara sókè. Èyí kejì ni ó sábà máa ń sún mọ́ ìfẹ́ ọ̀jáfáfá, èkíní sì ni ó ń ṣàánú ẹni àárín.

Ìṣàánú yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí pátákó bá ń lọ sí ìsàlẹ̀ tí etí tí ó wà ní ìhà ìsàlẹ̀ òkè sì ṣèèṣì kọ́ ilẹ̀, a ó gbá olùgun mọ́lẹ̀ kí ó tó ṣẹ́jú. Kò sí àyè láti tẹ̀síwájú tàbí láti fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, nítorí pé ẹsẹ̀ méjèèjì ti wà nínú ìdè. Bí ó bá ṣubú síwájú, ọwọ́ ni yóò nà sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ a sì kán. Bí ó bá ṣubú sẹ́yìn, ìpàkọ́ ni yóò fi lélẹ̀. Eegun ọrùn ọwọ́ ni àwọn oníṣègùn àwọn ìlú orí òkè ń tò fún àwọn olùgun pátákó jù, pàápàá fún àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa, ìdí sì nìyí tí ọlọ́gbọ́n kì í fi gun pátákó láìdé akoto. Nítorí náà, nígbà tí olùdánwò bá kọ ọ́ pé pátákó kan "ń kọ́ ilẹ̀", kí ẹni àárín ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ rírọ̀ àti líle. Olùdánwò a gbé ìrù pátákó kalẹ̀, a fi ọwọ́ kan di imú mú, a sì fi èkejì ti àárín rẹ̀ títí yóò fi tẹ̀. Lẹ́yìn náà a gbìyànjú láti lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Àwọn oníṣẹ́ a máa kọ iye sí ara rẹ̀, láti 1 tí ó rọ̀ jù títí dé 10 tí ó le jù. Ẹni tí ó bá ń fi iye wọ̀nyí wé ara wọn kí ó ṣọ́ra. Kò sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo wọn jùmọ̀ ń lò. Bí kóńgò ọjà kan ti yàtọ̀ sí ti ọjà kejì ni 6 ilé-iṣẹ́ kan lè jẹ́ 4 ní ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Gígùn àti ìbú kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ọkùnrin a máa gun èyí tí ó wà láàárín 150 sí 160 sẹ̀ǹtímítà. Ìwọ̀n ara ẹni ni ó yẹ kí a fi yan gígùn, kì í ṣe gíga ẹni, nítorí pé pátákó kò mọ̀ bóyá olùgun ga tàbí ó kúrú. Ohun tí ó mọ̀ ni ẹrù tí a gbé lé e. Ìbàdí rẹ̀, níbi tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, a máa tó bí 25 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi kí ó wá èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí bàtà rẹ̀ yóò máa wọ́ nínú òjò dídì nígbàkígbà tí ó bá dẹ̀gbẹ́, ọjọ́ kan ni yóò sì gbé e ṣubú.

Nígbà tí a bá dé orí òkè, òfin kan wà tí olùdánwò olóòótọ́ kì í rú: ohun gbogbo tí ó bá lè yàtọ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí ojú kan, àfi pátákó nìkan. Bàtà kan náà, ìdè kan náà, ọ̀nà kan náà, ìda kan náà ní abẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá gun pátákó kan ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ tán, tí ó sì gun èkejì ní ọ̀sán nígbà tí àwọn ènìyàn ti tú gbogbo rẹ̀ ká, kò fi pátákó wé pátákó. Òwúrọ̀ ni ó fi wé ọ̀sán. Etí irin pẹ̀lú gbọ́dọ̀ mú bákan náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ pátákó tí a ti bú pé kò di ilẹ̀ mú, etí rẹ̀ ni ó kú, tí a kò sì pọ́n. Àwọn oníṣẹ́ a máa pàgọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè ní àwọn ọjọ́ kan láti yá àwọn ènìyàn ní pátákó gùn lọ́fẹ̀ẹ́, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n pátákó tí ogún ènìyàn ti gùn láti òwúrọ̀ kì í sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ mọ́.

Ojú ọ̀nà tí a tẹ́ ni a ń bá bẹ̀rẹ̀. Olùdánwò a yí kékeré lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn náà a jẹ́ kí eré pọ̀, a sì yí gbọọrọ. Bí a bá wo ẹ̀gbẹ́ pátákó láti òkè, a ó rí i pé ó wọ inú ní ìbàdí, bí ara obìnrin tí ó so ìlẹ̀kẹ̀. Ìwọnú yìí jẹ́ apá kan òbìrí ńlá, tí ó sábà máa ń tó mítà 7 sí 9 láti àárín rẹ̀ dé etí. Bí òbìrí náà bá kéré, pátákó a máa yá láti yí, a ó sì fẹ́ràn rẹ̀ nínú igbó; bí ó bá tóbi, a máa fẹ́ ọ̀nà gbọọrọ àti eré sísá. Lẹ́yìn èyí olùdánwò a jókòó sínú àga tí okùn irin ń gbé gòkè, yóò sì máa wo ipa tí ó fi sílẹ̀ lórí òkè. Ipa náà kì í purọ́. Bí ó bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí èyí tí a fi ọ̀bẹ fà, etí pátákó gé ilẹ̀ dáadáa. Bí ó bá rí ibi fífẹ̀ bí ibi tí a fi ọwọ̀ gbá, pátákó náà wọ́ ni, ì báà ṣe àìmọ̀-ọ́n-gùn ni ó fà á tàbí rírọ̀ pátákó. Láti mọ èyí tí ó fà á nínú méjèèjì, a ó fún ọ̀jáfáfá ní pátákó náà kí ó tún gba ọ̀nà kan náà lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí ni orí yìnyín. Ní Vermont àti gbogbo ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, òjò gidi a máa rọ̀ lé òjò dídì, òtútù òru a sì dì í, tí yóò fi di ní òwúrọ̀ pé òkè ń dán bí àwo. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, pátákó tí ó bá ń lọ́ jù yóò jọ̀wọ́ ilẹ̀ ní àárín yíyí, olùgun a sì máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bá igi tàbí ènìyàn pàdé. Eléyìí tí ó le yóò di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n bí igi inú rẹ̀ kò bá mọ bí a ti ń pa ìgbọ̀nrìrì, gbogbo rẹ̀ yóò máa gbọ̀n bí awọ ìlù, ojú olùgun pàápàá yóò sì máa gbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ Mervin ní ìpínlẹ̀ Washington ṣe etí irin ti àwọn pátákó rẹ̀ kan ní kọ́lọkọ̀lọ bí eyín ọ̀bẹ tí a fi ń gé búrẹ́dì, wọ́n sì pè é ní Magne-Traction. Ó wúlò lóòótọ́ lórí yìnyín, pàápàá fún pátákó onídìí-igbá tí kò lè di ilẹ̀ mú fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kì í jẹ́ kí yíyí tẹ́jú lórí ilẹ̀ rírọ̀. Ẹni tí ó ń gbé ibi tí òkè ti ń dì kò ní ka ẹ̀sùn yìí sí.

Òjò dídì jíjìn ni òdì kejì rẹ̀. Ní erékùṣù Hokkaido ní ilẹ̀ Japan, afẹ́fẹ́ tútù láti Siberia a máa la òkun kọjá, a gbé omi, a sì dà á sílẹ̀ lórí àwọn òkè bíi ti Niseko ní òjò dídì tí ó rọ̀ bí èlùbọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Níbẹ̀, etí irin kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Léfòó ni pátákó gbọ́dọ̀ léfòó. Bí imú bá rì, olùgun yóò dorí kodò. Láti gbé imú sókè, yóò fi ara ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò sì ní pẹ́ tí itan ẹsẹ̀ náà yóò fi máa gbóná bí ẹni pé a fi iná sí i. Iye ìgbà tí olùdánwò ní láti dúró sinmi itan ni òṣùwọ̀n tí ó dára jù níhìn-ín. Pátákó gbogbo-òkè tí ó dára máa ń ní imú tí ó gùn díẹ̀ ju ìrù lọ, ihò ìdè rẹ̀ a sì sún sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2. Olùgun tún lè sún ìdè sẹ́yìn sí i ní ọjọ́ tí òjò dídì bá pọ̀. Kí a sọ èyí lọ́nà kan ná: ní ìdí àwọn igi tí ewé wọn kì í wọ́wé, òjò dídì kì í le, kòtò tí a kò rí ni ó máa ń wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì jìn sí i pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú ìdè lè má lè yọ ara rẹ̀. Kò sí pátákó tí ó lè gba ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹnìkejì tí kò jìnnà ni ó lè gbà á.

Àwọn òkìtì àti inú igbó ni a fi ń mọ bí pátákó ti yá tó láti gbé láti ọ̀tún sí òsì. Níhìn-ín ni pátákó líle ti ọ̀jáfáfá máa ń fìyà jẹ ẹni àárín, nítorí pé kì í yí bí a kò bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà kì í lè fi agbára tẹ nǹkan. Ní ti fífò, ọ̀rọ̀ kò gùn: a ó wò ó bóyá ó ń tani sókè, a ó wò ó bóyá ó ń gba ni mú nígbà tí a bá balẹ̀, a ó sì gbìyànjú láti fi ìrù ṣe iwájú. Pátákó tí imú àti ìrù rẹ̀ bá dọ́gba ń ṣe èyí láìráhùn. Ibì kan ṣì wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: ilẹ̀ títẹ́jú tí ó wà láàárín òkè kan àti èkejì. Oní-síkì ní ọ̀pá tí yóò fi ti ara rẹ̀. Olùgun pátákó kò ní nǹkan kan. Bí abẹ́ pátákó kò bá yọ̀, yóò dúró gbári, yóò sì ní láti tú ìdè kí ó máa fi ẹsẹ̀ kan ti ara rẹ̀ lọ bí arọ.

Nígbà tí gbogbo èyí bá parí ni a tó lè béèrè pé ta ni pátákó náà tọ́ sí. Kí a mú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilé ìtajà: gígùn rẹ̀ jẹ́ 157 sẹ̀ǹtímítà, kò le jù kò sì rọ̀ jù, ọrun wà lábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ìdí igbá sì wà láàárín wọn. Ẹni àárín yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Yóò ní òun yí lórí ọ̀nà búlúù ju bí òun ti ń yí tẹ́lẹ̀ lọ, òun wọ inú igbó fún ìgbà àkọ́kọ́, ilẹ̀ kò sì kọ́ òun lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀jáfáfá yóò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì ní pátákó náà dára títí eré fi dé. Láti ìgbà náà ni imú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí àárín rẹ̀ sì ń yí gbirigbiri lórí ibi tí ó dì. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni àárín kò tíì sá eré dé ibi tí àbùkù náà wà, ọ̀jáfáfá náà sì ti gbàgbé ohun tí ó ń jẹ́ ẹ̀rù. Àṣìṣe tí ó ń pọ̀ jù ni ti ẹni àárín tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀jáfáfá, tí ó sì lọ ra pátákó líle ọlọ́run kí ó lè tètè di ọ̀gá. Yóò gbà á ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti máa bá a jà. Yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ pátákó dábùú òkè bí ti àtijọ́, nítorí pé ìyẹn nìkan ni kì í gbé e ṣubú. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí ó fi díẹ̀ le ju ti ìsinsìnyí lọ ni ó rà, pátákó náà ì bá kọ́ ọ. Ọ̀jáfáfá ní tirẹ̀ lè fara da pátákó rírọ̀ fún ọjọ́ kan, kí ó tilẹ̀ gbádùn rẹ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀. Yíyigi ni yóò máa wá bí òkè bá dì.

Nítorí náà, olùdánwò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ pé pátákó "dára" kí ó sì dákẹ́. A kọ ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé pátákó tí ó le fún ẹni tí ó wọn kílógíráàmù 60 lè rọ̀ bí ẹní lábẹ́ ẹni tí ó wọn 95. A kọ irú òjò dídì tí ó bá pàdé, orúkọ òkè, bàtà tí ó wọ̀, àti bí ó ti sún ìdè sí. Bí ó bá ṣeé ṣe, a tún gun pátákó náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, nígbà tí etí ti kú díẹ̀ tí abẹ́ ti gbẹ tí ó sì ń funfun ní ẹ̀bá irin. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó rà á yóò fi gùn ún jù, bí kì í bá ṣe ẹni tí ń pọ́n etí tí ó sì ń fi ìda ra abẹ́ rẹ̀ ní alaalẹ́.